Ìgbà Wo Ni Bàbá Máa Ta Ìpín Náà?

Olóòtú wa, mo kí yín láti Orè, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Bàbá mi yóò mọ̀ pé èmi ni, àmọ́ kí àwọn ará gáràjì má mọ̀.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Wọ́n ra ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan, wọ́n ní a máa tà á tí mo bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún kòrónà, ìjọba ti ọ̀nà pa, iye ìpín náà já wálẹ̀. Bàbá ní a kì í ta ọjà tó kú. Nígbà tó yá, ìjọba dín èlé tí báńkì ń san lórí owó kù, àwọn olówó bá kó owó wọn wá sórí ìpín, ló bá gbówó lórí. Bàbá tún ní, "Ṣé ohun tó ń gòkè lèèyàn ń tà?"

Ìyá bàbá mi, tó wá kí wa láti Odígbó, bú sẹ́rìn-ín. "Dírẹ́bà, irú ọjà wo rèé? Ará òkè òkun wúkọ́, ọjà rẹ dùbúlẹ̀, o ò tà á. Ìjọba rẹ́rìn-ín, ó dìde, o ò tà á. Àbí ìgbà tó bá jókòó lo máa tà á?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọn ò sì tà á.

Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà mí báyìí. Bí n kò bá sanwó kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Bàbá ní ká ṣì gbọ́ ohun tí ìjọba máa sọ lórí èlé ná.

Ọ̀rọ̀ rédíò nìkan ni wọn kì í jiyàn sí. Ẹ̀yin àti àwọn olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àmọ́ tí ẹ bá rí i pé Bàbá ló jàre, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́.