Àáró Tí Ó Gbé Àlùfáà Lawrence Bámijókò Dé Ipò Dókítà

Ìlú Ìṣẹ̀-Èkìtì ni wọ́n ti bí Olóògbé Àlùfáà Lawrence Olúrẹ̀mí Bámijókò ní ọdún 1934. Bàbá wọn, àgbẹ̀ oníṣu ni. Ìyá wọn, Àdùnní, ọmọ Ẹmùré ni, obìnrin pupa tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Olóògbé pẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé ìwé, torí bàbá wọn kò fẹ́ yọ̀ǹda wọn kúrò lóko. Ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ tán, ìwé di oúnjẹ fún wọn. Wọ́n di tíṣà ní 1957. Ní 1961 wọ́n gbé Felicia, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, níyàwó. Ní 1972 wọ́n di àlùfáà, wọ́n sin ìjọ ní Ògòtún àti Ìlúmọba kí wọ́n tó gbé wọn padà sí Ìṣẹ̀.

Ní 1997, ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Bàbá Bámijókò sọ fún ìjọ pé àwọn fẹ́ lọ kàwé dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Ìbàdàn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé abẹ́rẹ́ ni Bàbá fẹ́ máa gún fún èèyàn ni. Alàgbà Gbọ́láhàn, olórí ìgbìmọ̀ ìjọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí pásítọ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn, ta ni yóò máa bẹ aláìsàn wò? Ta ni yóò ṣe àdúrà òwúrọ̀? Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí Bàbá yan ọ̀kan, ìwé tàbí ìjọ.

Bàbá délé, wọ́n sọ ọ́ fún Felicia. Felicia ló rán wọn létí pé àáró ti kàn wọ́n. Àlùfáà ni Bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi oko sílẹ̀ rí. Wọ́n ti bá gbogbo ẹgbẹ́ àáró wọn kọ ebè yíká, ó wá kù kí ẹgbẹ́ wá kọ tiwọn. Bàbá bá lọ bá olórí àáró, Jeremiah tí gbogbo ìlú ń pè ní Jẹ́jẹ́.

"Jẹ́jẹ́, ẹ má wá sóko mi. Ẹ fi àáró tèmi bá mi dúró ti ìjọ."

Jẹ́jẹ́ ní ebè rọ òun lọ́rùn ju iṣẹ́ ìjọ lọ, ṣùgbọ́n àáró ni àáró. Ìgbìmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá sì gba Ìbàdàn lọ. Àwọn tó mọ̀wé ń ka Bíbélì láàárọ̀, àwọn tí kò mọ̀wé ń lọ kí aláìsàn. Ìwàásù àkọ́kọ́ tí Jẹ́jẹ́ ṣe, ọ̀dọ̀ Ádámù ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ Nóà tí àwọn obìnrin fi ń yọ́ lọ wo ẹ̀wà wọn lórí iná. Nígbàkígbà tí Bàbá bá ti Ìbàdàn dé, oko àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, kí àáró má baà dúró. Oko tiwọn di igbó. Felicia, ìyàwó oníṣu, wá ń ra iṣu lọ́jà. Àwọn oníṣu fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ìwé ni àwọn gbìn lọ́dún yìí.

Ní 2001, Bàbá yege. Alàgbà Gbọ́láhàn fúnra rẹ̀ ló lọ dúró dè wọ́n ní gáréèjì, ó gba báàgì lọ́wọ́ wọn, ó gbé e rù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú gbogbo ìjọ, ó ní àwọn ní kí Bàbá yan ọ̀kan, Bàbá mú méjèèjì wálé. Ariwo ayọ̀ sọ. Lọ́jọ́ Ajé, ẹgbẹ́ àáró kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n, wọ́n gbé àdá àti ọkọ́ lọ sóko Bàbá, Bàbá náà wà láàárín wọn. Jẹ́jẹ́ wẹ̀yìn, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

"Dókítà, ebè yín wọ́."

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí Bàbá lè nàró.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà ní Ìkẹ́rẹ́ àti agbègbè rẹ̀, wọn kò sì lé ẹnikẹ́ni padà nítorí ọjọ́ orí. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n fi Màmá Felicia sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Olúyẹmí, Bọ́ládé àti Gbémisọ́lá, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, tí Tẹniọlá àti Glory wà nínú wọn.

Lawrence Olúrẹ̀mí, ọmọ Bámijókò, ọmọ Àdùnní ará Ẹmùré, ẹ ti kàwé nípa Ọlọ́run tó. Ẹ lọ wò ó lójú wàyí. Ẹ sùn ire, Dókítà wa.