Ọkọ̀ Bàbá Rẹ Tí Wọ́n Fọ́ Lójú Sánmà

                                                            Ilé Alágbàfọ̀,
                                                            Ìsàlẹ̀ Yàrá Bàbá Rẹ.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń wú ọ nítorí ìdúró ti ń wálẹ̀? Bàbá ilé ńkọ́? Ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó ká ti hù padà àbí ó ṣì ń fi ẹ̀rín kó ẹ̀rín bá àwọn èèyàn? Àwa náà wà níbí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tún ti ń jò, ọkọ mi sì ní òun fúnra òun ló máa tún un ṣe, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn. A dúpẹ́ pé ara le. Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ kí n wá máa bínú.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé. O ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ géèmù ojú sánmà tí èmi àti Bàbá rẹ jọ ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, torí o gbọ́ pé Bàbá ti pa á tì, o sì fẹ́ wọlé síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ọ kí inú wọn dùn padà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíkún. Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rọ ń pariwo lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń pè ọ́ ní wọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ tìrẹ, gbogbo ohun tí o gbọ́ kò ju pé wọ́n fọ́ ọkọ̀ mọ́ Bàbá lọ́wọ́.

O mọ bí Bàbá ṣe rí lẹ́yìn tí Màmá kú. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí gbogbo òpópónà mọ̀, ló wá di ẹni tó ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń wo bọ́ọ̀sì tí àwọn ẹlòmíràn ń wà. O ní kí n máa bá ọ bojú wò wọ́n. Mo bojú wò wọ́n. Mo gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tí mo máa ń gbá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n bi mí pé irú ọkọ̀ wo lèyí tí kò ní táyà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń wá ibi tí fèrè rẹ̀ wà. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, Bàbá ti gba àga, wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà, èmi wá di ẹni tó ń dúró lóòró nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi.

Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ni wọ́n fún Bàbá. Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn sọ ọkọ̀ rẹ̀ lórúkọ. Bàbá sọ tiwọn ní Adùnbárìn. Ńṣe ni mo yíjú sí ẹ̀rọ bí ẹni pé aṣọ kan há síbẹ̀, torí èmi náà mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tibi iṣẹ́ dé. Ìyá rẹ ni.

Gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni tuntun mọ̀ ni mo sọ fún wọn, ìwọ náà gbọ́ ọ. Nítòsí ibùdó tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá yìnbọn fún ọ níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sọ olúwarẹ̀ di eérú. Bí o bá ti kúrò níbẹ̀, kálukú ló ń ṣọ́ orí ara rẹ̀. Má sáré gba ọkọ̀ ńlá. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á máa yin ọkọ̀ ńlá fún ọ, wọ́n á ní o ti kúrò ní ẹni kékeré; irọ́ ni, ohun tó sanra ni wọ́n ń wá láti pa. Má kó gbogbo ẹrù rẹ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí o kò mọ̀ rí tó ṣàdédé fún ọ ní ẹ̀bùn, bi í pé kí lo ṣe fún un. Wá ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ti ń pàṣẹ. Pabanbarì gbogbo rẹ̀: bí o bá ti jáde síta, má dúró. Ọkọ̀ tó ń lọ ṣòroó mú. Èyí tó dúró, wọ́n ti rí i jẹ nìyẹn.

Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì gbà, àfi ti ìkẹyìn yẹn. Ṣé awakọ̀ lèèyàn máa sọ fún pé kó má kí awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀? Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á dá tiwọn dúró, wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo máa wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ẹ kú ìrìn o, ṣé dáadáa lẹ kúrò nílé? Nítòsí àwọn ẹ̀ṣọ́, kò burú. Yorùbá ni gbogbo wa nínú ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì dúró dì wọ́n títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á dáhùn. Kò pẹ́ rárá, Bàbá ti mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọ́n ti mọ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń bá a wá ọ̀rọ̀ ìtùnú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá gbá géèmù. Géèmù tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ojú wọn o! Mi ò sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fọ́ ọkọ̀ yẹn, ẹgbẹ́ wa ń parí ibùdó tiwa, Bàbá sì ní àwọn ló máa gbé irin tó kù wá, irin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn wà nínú àpáta. Ọ̀nà náà gba ìta kọjá díẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn wọn, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá dẹ ìrìn. Mo ní, “Bàbá, ẹ máa lọ.” Wọ́n ní, “Ká pàdé èèyàn nínú òkùnkùn báyìí ká má kí i? Ṣé ẹranko ni wá ni?” Wọ́n dúró, wọ́n kí i. Ọ̀dájú ẹ̀dá náà sì dáhùn! Yorùbá tó dán mọ́rán ló fi dáhùn, ó ní ẹ kú ìrìn sà, ẹ kú ewu ọ̀nà, ó ní òun ò mọ̀ pé òun lè pàdé àgbà nírú ibẹ̀ yẹn. Ó béèrè àlàáfíà wọn. Ó ní ṣé ìjókòó kì í mú kí orúnkún dùn wọ́n. Ó ní ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Bàbá fara sún mọ́ tábìlì, ojú wọn ń dán, ìka kan náà ń wá lẹ́tà. Ni mo bá rí àmì pupa méjì tó yọ létí ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ ló ń bọ̀. Mo pariwo. Bàbá ní kí n fara balẹ̀ kí àwọn dáhùn tán. Iná bo ojú kọ̀ǹpútà. Adùnbárìn tú ká pẹ̀lú gbogbo irin inú ẹ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Rárá o. Ẹ̀dá náà tún tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ kó tó lọ. Ó ní, “Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá.”

Háà! Àwọn oníbàárà ti bú mi rí nítorí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, mo sì mú un mọ́ra. Inú ò bí mi tó báyìí rí láyé mi. Kí olè jà, mo gbọ́. Géèmù ni, olè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn fi kíkí de àgbàlagbà mọ́lẹ̀, kó máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ pa á lè ráyè dé! Irú ọmọ wo nìyẹn? Ta ló tọ́ ọ? Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni géèmù. Wọ́n ní ó ká àwọn lára, ṣùgbọ́n ẹni náà kò rú òfin kankan. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá olórí ẹgbẹ́ wa, onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní bí gbogbo ẹni tuntun ṣe ń gbọ́n nìyẹn. Mo bi í bóyá bí òun náà ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn, kó kọ́kọ́ gé e létí. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́, irun orí ẹ̀ sì ti ń bo etí.

Ẹgbẹ́ dá ọkọ̀ mìíràn jọ fún Bàbá, ó tiẹ̀ sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, pé àwọn ò fẹ́. Wọn ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú ilẹ̀kùn, ìdajì rẹ̀ ló ń padà. Irùngbọ̀n ti kún. Lánàá mo gòkè lọ bá wọn, mo ní, “Bàbá, ọkọ̀ lásán ni, inú kọ̀ǹpútà ló wà.” Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó bi mí léèrè ọmọ.”

Ibi tí mo ti ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ bá mi, pé ìwọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ géèmù. Wá gbọ́, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí wàyí. Ṣé o mọ ohun tí Bàbá ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná bo ojú kọ̀ǹpútà? Ẹ̀yìn wọn ni mo wà, mo kà á. Olè ní ọmọ ńkọ́, Bàbá sì ń dáhùn pé: “Ọmọ mi wà. Nọ́ọ̀sì ni. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí, àmọ́ bó bá ti ráyè, yóò”. Ibẹ̀ ló mọ. Ta ló tún ń bi Bàbá nípa rẹ ládùúgbò yìí? Èmi ò lè béèrè, torí mo mọ̀. Gbogbo òpópónà mọ̀ pé o kì í wá, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan egbò. Olè nìkan ló béèrè. Bàbá sì dá ọkọ̀ dúró sínú ewu kí wọ́n lè rí ẹni gbọ́ ọ pé wọ́n bímọ.

Bí o bá fẹ́, bínú sí mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti sin Màmá, o ò tíì fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn ilé yìí. O ń fi nǹkan ránṣẹ́, òótọ́ ni. Èmi ni mo fọ aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, Bàbá wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbàdúrà fún ọ gan-an. Aṣọ kì í dá èèyàn lóhùn, Nọ́ọ̀sì. Ó wá kù kí o jókòó sí yàrá tìrẹ lọ́hùn-ún, kí o máa pàdé bàbá tó bí ọ lójú sánmà? Mi ò ní í kọ́ ọ. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kọ sókè yẹn, ó wà fún ẹlòmíràn tó bá ń wá a.

Bá mi kí bàbá ilé, sọ fún un pé ìbínú mi ò kàn án. Bá mi gbá ọmọ mọ́ra dáadáa. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ní kí n fi omi tútù sí lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, mo ní kó lọ máa tún ẹ̀rọ ṣe.

Gba ìsinmi níbi iṣẹ́, kí o wọkọ̀ wá. Bí o bá dé, má yà sọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀. Gòkè lọ tààrà, kí o kan ilẹ̀kùn. Bí Bàbá bá béèrè pé ta ni, sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni.

                                                            Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí tí kò sì lè kọ̀ ọ́,
                                                            Alágbàfọ̀ Ìsàlẹ̀.