Wákàtí Kan Péré Ni Mo Sọ

Olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, abúlé wa kéré; mo ti yí orúkọ àwọn yòókù padà.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìlera kan ní àríwá Norway níbí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ilé ìgbẹ̀bí wa lọ sí ìlú tó wà lẹ́yìn òkè, aṣòfin kan, Torgunn Hestnes, wá yẹ ètò náà wò. Ó bi mí ní ọ́fíìsì pé, "Ìyá, báwo lọ̀nà yẹn ṣe jìn tó?" Mo ní, "Wákàtí kan péré." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dúpẹ́.

Irọ́ kọ́. Oṣù kẹfà ni mo wa ọkọ̀ lọ wọn ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé nígbà òtútù wọ́n máa ń ti ọ̀nà òkè, tí a ó máa dúró de ọkọ̀ tó ń kó yìnyín? Ọ̀gá mi, tó fẹ́ kí wọ́n kó o lọ, jókòó tì mí, mo bá panu mọ́.

Wọ́n kó ilé ìgbẹ̀bí lọ. Ní oṣù kìíní, Synne tó múlé tì mí ń rọbí. Wákàtí mẹ́ta ni òun àti Eivind ọkọ rẹ̀ fi dúró níbi tí wọ́n ti ti ọ̀nà. Inú ọkọ̀ ló bímọ sí. Ọmọ náà kò ké.

Lánàá, Eivind wá bá mi kó yìnyín ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Mama, aṣòfin yẹn ń padà bọ̀. Ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà yẹn jù."

Ẹ̀yin ará, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, aṣòfin ni àbí Eivind? Ṣọ́bìrì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi.