Ààrò Ẹja Tí Mo Fọ́ ní Ibíadé

                                        Òpópónà Atíkòrí,
                                        Ìjẹ̀bú-Igbó,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Abímbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Tamílọ́rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ara mi le, alihamudulilahi, ṣùgbọ́n inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá rẹ á ti fẹjọ́ mi sùn ọ́. Jọ̀ọ́, gbọ́ tẹnu mi.

O mọ amọ̀ tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kàwé kàwé, mo padà di amọ̀kòkò. Omi tó ń bá epo rọ̀bì jáde níyọ̀ ju omi òkun lọ, rádíọ́mù sì wà nínú rẹ̀, májèlé tí ojú kò rí, tí ìtànṣán rẹ̀ ń jẹ egungun ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da amọ̀ lásán sí i, iyọ̀ ni yóò gba gbogbo àyè ara amọ̀ náà, májèlé á kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi po kẹ́míkà mọ́ amọ̀ tí a ń wà ní abúlé Jápàrá títí ó fi dúdú, tó fi ń di rádíọ́mù mú, tó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń wa epo lẹ́bàá Ibíadé gbà á lò, omi wọn sì mọ́.

Ṣùgbọ́n níbo ni májèlé náà lọ? Inú amọ̀ ló wà. Mo tẹnu mọ́ ọn fún Adéṣínà, ọ̀gá tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń fọ omi náà, pé kí wọ́n di amọ̀ tí a ti lò sínú àgbá, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ìjọba yàn fún irú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo lọ kí ìyá rẹ ní Ibíadé. Wọ́n ń yan ẹja lórí ààrò tuntun tó dúdú kirikiri. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, nítorí kò sí amọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ibíadé. Wọ́n ní Adéṣínà ló ṣe àwọn lóore, ó kó amọ̀ lápò lápò fún àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Àwọn ìyá náà bá ṣe ọ̀wẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Ààrò ìyá rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ, nítorí àwọn ló dàgbà jù.

Mo sáré tọ Adéṣínà lọ. Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Ṣebí omi ló ní májèlé? Omi sì ti mọ́. Amọ̀ lásán ló kù." Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà, òun gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ. Ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ gbé amọ̀ náà jìnnà. Mo bú u, mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun àjọ tó ń mójú tó irú májèlé yìí, wọ́n wá kó àwọn àpò tó kù.

Ìyá rẹ kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kan ààrò náà. Mo bẹ̀, mo bẹ̀, mo kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, mo wọ́n omi sí i kí eruku má baà gbéra, mo sì fọ́ ọ lójú wọn kí àjọ náà lè kó o. Ìyá rẹ sunkún. Wọ́n ní, "Asimawu, ọwọ́ tí mo fi bọ́ ọ ní kékeré ni mo fi mọ ọ́n." Láti ìgbà yẹn, wọn kì í gbé ìpè mi.

Jọ̀ọ́, gba àyè níbi iṣẹ́, kí o wá mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, nítorí wọn ò ní tẹ̀lé mi. Ẹja tí ìyá rẹ yan lórí ààrò yẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, má fún Tamílọ́rẹ jẹ. Má sì jù ú fún ajá. Dì í sínú ọ̀rá, kí o gbé e pamọ́ títí àjọ náà yóò fi gbà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ìyá mi náà ní kí n kí ọ. Bí o bá dé Ibíadé, má bá mi bẹ ìyá rẹ rárá. Kí wọ́n ṣáà wà láyé, kí wọ́n máa bínú sí mi.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́, bínú tilẹ̀ ń bí mi,
                                        Asimawu.