Ohun Tó Ń Wà Níbi Méjì Lẹ́ẹ̀kan Náà

                                        Ilé Àkíbù,
                                        Bẹ́yẹrúnká, Mápó,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Louisa mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Bàbá Ìrètíolúwa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ oògùn? Ìrètíolúwa fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti ọmọ tuntun ọwọ́ rẹ̀? Ẹ kú ìmúra ọyẹ́ o. Níbí, a dúpẹ́, ara le, omi ẹ̀rọ ń yọ nígbà tó bá wù ú, àwọn ọmọ kíláàsì mi kò sì tíì pa mí. Orí mi nìkan ló dàrú.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò fi pè ọ́. Mo kúkú pè ọ́! Gbogbo ohun tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, o ní kò yé ọ, kò sì yé èmi náà. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Tísà ni wá, bóyá tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò yé ẹnìkan nínú àwa méjèèjì. Gbénga ọmọ ilé wa ń bọ̀ ní Ìlọrin lọ́la, òun ni mo fi rán.

O rántí Karimat mi, tó máa ń sùn lé ọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí a bá ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó ti ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé báyìí ní yunifásítì, ó sì ti rí ọkọ. Afeez ni orúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ Ìdí Arẹrẹ ni, òun náà ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé. Ó mọ̀wàá hù, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá Karimat ti ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Misbaudeen, ni yóò fa ọmọ náà fún ọkọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní dúró, kò sí yìgì. Ohun tó ń jẹ́ kí àyà mi já nìyẹn.

Nínú ilé tiwa yìí, kí àwọn ẹbí ọkọ tó wá tọrọ ọmọ, ìyá ọmọ ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síwájú àwọn àgbà, tí yóò sọ ilé tí ọmọkùnrin ti wá àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ilé rọrùn fún mi láti sọ. Iṣẹ́ ni mo ní kí Karimat kọ́ mi, bí a ṣe jókòó tí à ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní iṣẹ́ tòun ni pé àwọn irin kan wà, tí èèyàn bá mú wọn tutù kọjá yìnyín, wọn kì í hùwà bí irin mọ́. Ó ní ohun tíńtínní tó wà nínú wọn lè wà níbí, kó sì wà lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àfi tí ẹnìkan bá wò ó. Ó ní iṣẹ́ ti Afeez ni láti mọ bí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣe ń rìn láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, gba orí òkun dé Èkó, dé Nnewi, títí dé ọwọ́ mẹkáníìkì níbí, àti ohun tó ń mú kó há sọ́nà. Louisa, mo ń mi orí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. O mọ bí àwọn ọmọ kíláàsì wa ṣe máa ń mi orí, tí kò sì sí ohun tó wọlé. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ bó ṣe máa ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí mo wá kúnlẹ̀ síwájú ẹbí, mo gbé iṣẹ́ ọmọ mi fún Afeez, mo gbé iṣẹ́ Afeez fún ọmọ mi. Mo ní Afeez ló ń kàwé lórí ohun tó ń wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí èèyàn ò lè mọ ibi tó wà àfi tó bá lọ wò ó. Mo ní Karimat ló ń bá àwọn onímọ́tò rìn dé Nnewi.

Àǹtí Èjìdé, àbúrò ọkọ mi, ló kọ́kọ́ káwọ́ lérí, wọ́n ń pariwo pé ta ló rán ọmọ àwọn tẹ̀lé onímọ́tò. Bàbá Misbaudeen kò pariwo rárá. Wọ́n kàn ní, “Ìyàwó, ọkùnrin tó lọ sí yunifásítì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà níbi méjì, ilé méjì ló fẹ́ ní. Èmi tí mo ní méjì yìí, ta ló kọ́ mi?” Wọ́n ní àwọn ò ní dúró fún yìgì kankan. Ẹyin lohùn, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ tún un sọ, bí mo ṣe ń tú u ló ń lọ́ sí i, títí Àǹtí Èjìdé fi ní kí n lọ mumi.

Karimat kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Mọ́mì, ẹ ti bà á jẹ́,” ó sì wọlé lọ. Ìyẹn dùn mí ju kó bá mi jà lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni mo bá lọ bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí Afeez wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n gbà, ó sì wá lánàá. Ìdí Máíkírà wọn ni wọ́n ti gbà á lálejò, èyí tí wọ́n fi ń gbé èrò láti Mápó lọ sí Ọjà'ba. Mọ́tò náà kò rìn mọ́ láti Iléyá, adìyẹ ti ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Afeez ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì dá iṣẹ́ Karimat padà sí ààyè rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n na ọwọ́ sí Máíkírà, wọ́n ní gíábọ́ksì lọkọ̀ yìí ń retí, bó bá mọ ọ̀nà tí ẹ̀yà ọkọ̀ ń gbà lóòótọ́, kó bá àwọn mú un wá. Mo ń ṣẹ́jú sí ọmọkùnrin yìí pé kó sáà ti gbà. Kàkà kó gbà, ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè mú un wá. Ibi tó há sí àti ohun tó há a ni mo lè sọ fún yín. Wọn ò ṣe irú ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí mọ́, ara àlòkù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń retí ẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ń bọ̀ lọ. Ó lè má dé lọ́dún yìí.”

Mo ní ó ti parí. Bàbá ní kó dìde. Wọ́n wá ní, “Gbogbo àwọn tó ń ta páàtì nílùú yìí, lọ́la ni wọ́n ń dá fún mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ fún mi pé kò ní í dé. Kì í ṣe irú rẹ ló ń kọ́lé méjì.” Ni wọ́n bá fọwọ́ sí i, Àǹtí Èjìdé sì bú sí Alihamudulilaahi. Ká ní a dìde níbẹ̀ ni! Àfi bí Bàbá ṣe bi í léèrè ibi tí àwọn méjèèjì yóò máa gbé. Afeez tí kò tíì mọ ìgbà tí a ń panu mọ́ ní òun á wà n'Ìbàdàn, Karimat á wà ní Jámánì fún ọdún mẹ́ta, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mú irin tutù tó bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì ti gbà á.

Louisa, èmi ìyá rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí. Karimat dorí kodò. Bàbá yíjú sí mi, wọn kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìyàwó, o kúkú ti sọ ọ́, àwa la ò gbọ́.” Wọ́n ní àwọn kì í pọ̀ ọ́ kí àwọn tún kó o jẹ, àwọn ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọmọ: bí mo bá ní kó lọ kó dé kí wọ́n tó so yìgì, ẹbí á dúró dè é. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, kí n wá fún àwọn lésì.

Láti àná ni n kò ti mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Inú mi dùn, inú mi ò dùn. Ṣé kí n so wọ́n pọ̀ kí òkun sì wà láàárín wọn, àbí kí n dá wọn dúró kí ọmọ náà máa wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo bà á jẹ́? Ta ni yóò wá bá mi ṣa ẹ̀wà? Nígbà tí Bàbá Ìrètíolúwa wà ní Sókótó tí ìwọ wà níbí, o kò sọ bó ṣe rí fún mi rí. Èmi rò pé o ń gbádùn ara rẹ ni.

Lọ́sàn-án òní, mo bi Karimat léèrè pé irin rẹ̀ yìí, títí dìgbà wo ló lè wà níbi méjì. Ó ní, “Bí òtútù bá ṣì mú un, Mọ́mì, tí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Tẹ́nìkan bá ti lè wò ó báyìí, ibì kan ṣoṣo ló máa jókòó sí.” Ọ̀rẹ́ mi, kò yé mi síbẹ̀. Kí ni irin fẹ́ fi ojú èèyàn ṣe? Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kí wọ́n so yìgì wọn kó tó lọ. Mo ní ojoojúmọ́ ni n ó máa wò ó nínú fóònù, títí yóò fi wá jókòó síbì kan. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, mo bá a sun ún, ẹ̀wà sì jóná mọ́ wa lórí iná.

Ohun tí n ó sọ fún Bàbá lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Bóyá mo ṣe é re, bóyá n kò ṣe é re, n kò mọ̀.

Bá mi kí Ìrètíolúwa, kó o bá mi fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Bẹ Bàbá Ìrètíolúwa kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ fún mi. Lọ́jọ́ yìgì, má sọ fún mi pé ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí ara rẹ wà n'Ìlọrin. Àwọn tó ń wà níbi méjì ti tó mi. Wá jókòó tì mí.

Èmi ni tìrẹ, tòun ti orí dídàrú,

Hikmat Àtọ́kẹ́