Àwọn Sójà Tí Ìbọn Kì Í Bà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀gá Kíákíá tún ju ìwé kan sórí tábìlì mi. Àwọn sójà tó ń jagun láàárín ìràwọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n kọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí ilé ìtẹ̀wé lè mọ̀ bóyá a máa tẹ̀ ẹ́. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́. Èmi olóòtú — ojú ń dùn mí, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ogun inú ìràwọ̀ ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo rẹ́rìn-ín. N ò fẹ́ rẹ́rìn-ín o.

Nínú ìwé náà, ọkọ̀ ọ̀tá ti yọ. Olú iléeṣẹ́ ológun ránṣẹ́ láti ìràwọ̀ mìíràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ṣíbí kan wọlé sí ná. Sójà kan tí wọ́n ń pè ní Oorun-Ò-Tó sùn títí ogun fi parí. Òmíràn, Ẹlẹ́nu, bú ọ̀tá lórí rédíò títí ọ̀tá fi sunkún. Mo kà á fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé yìí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo kọ àbọ̀ mi. Ibi tó dára: bàbá yìí mọ sójà. Ó mọ ebi wọn, ó mọ ọ̀lẹ wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nítorí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ó sì mọ òmùgọ̀ àṣẹ.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: ogun náà ò wúwo. Gbogbo ìbọn ló ń tàsé. Kí ẹ̀rù tó bà wá, àwàdà ti dé. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ti bàbá yìí kì í tiẹ̀ pa ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn sójà ti pọ̀ jù, kí ó jẹ́ kí àwọn kan kú.

Iṣẹ́ ni. Mo ti kọ irú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àbámẹ́ta, 9

Òjò. Mo fọ aṣọ, kò gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 11

Bàbá Sójà tó kọ ìwé náà wá fúnra rẹ̀. Mo ti múra ìjà — ẹ ò mọ àwọn òǹkọ̀wé! Kò bínú. Ó ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ bá òun yan àwọn tó máa kú, òun ò lè yàn wọ́n. Mo ní ṣé ká bẹ̀rẹ̀ lórí Oorun-Ò-Tó.

Ó ní ọmọ yẹn máa ń sùn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹlẹ́nu náà, èèyàn gidi ni. Abẹ́ òun ni gbogbo wọn wà. Àṣẹ wá láti òkè, òun rán wọn lọ sórí afárá kan, kò sí èyí tó padà. Ó ní inú ìwé yìí nìkan lòún ti lè kó wọn wálé.

Mo ní kó mu omi. Omi ni mo rí sọ, èmi àgbàlagbà!

Ọjọ́rú, 13

Mo bẹ Ọ̀gá Kíákíá pé ká fi àwọn sójà náà sílẹ̀ láàyè. Ó ní àánú ò ta ìwé. Kí ẹnì kan péré kú, kí òǹkàwé mọ̀ pé ogun ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí bàbá gbé ìwé ẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń sọ. Mo tẹ Bàbá Sójà láago. Ó ní ẹnì kan péré? Ìyẹn ò le. Ohùn ẹ̀ já gaara.

Ẹtì, 15

Orí tuntun dé láàárọ̀. Mo kà á lórí ìdúró. Ọlọ́run mi, ó pani lẹ́rìn-ín! Ọkọ̀ wọn gbiná. Ilẹ̀kùn kan ló kù, àfi kí ẹnì kan dì í mú látinú kí àwọn yòókù lè jáde. Olú iléeṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí Oorun-Ò-Tó dì í mú. Ọ̀gá tí gbogbo wọn wà lábẹ́ rẹ̀ ní rédíò ti bàjẹ́, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbọ́ ọ o, ketekete. Ó dì í mú fúnra rẹ̀, ó fi èébú lé àwọn ọmọ jáde, ó ń pariwo pé ta ló jí ìbọ̀sẹ̀ òun. Ẹlẹ́nu ń dá a lóhùn títí wọ́n fi jìnnà.

Gbogbo wọn délé. Òun nìkan ni kò dé.

Mo pe Bàbá Sójà. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Kò kí mi. Ó ní, “Màdáámú, ṣé ó pa yín lẹ́rìn-ín?”

Mo ní ó pa mí. Mo ní kó jọ̀ọ́ má tíì gbé fóònù sílẹ̀.