Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Gyuwon

Bàbá Gyuwon,

Ẹ kú iṣẹ́ oko aáyù o. Ara mi le níbí ní Incheon. Ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín ọmọ wa ti pé ọjọ́ mọ́kànlá, ó sì mọ́ tónítóní. Kódà, àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun ni mo máa ń fọ̀, kọ́wọ́ mi má baà dilẹ̀. Àwa méjèèjì là ń jẹ adìẹ tó bá ṣẹ́ kù. Mo ti sanra!

Lọ́jọ́ tá a ṣí i, òdòdó ìkíni tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tuntun, ìkankan ò wá láti ọ́fíìsì tí Gyuwon ti fọ ife ọ̀gá fọ́dún mẹ́ta kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo bá yọ́ lọ ra ọ̀kan, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sára aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn.

Gyuwon kà á, ó ní, "Màámi, bàbá tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rójú mi àfi tí mo bá padà sọ́fíìsì?"

Mo ní, "Àwọn náà mà ni."

Òdòdó náà ti rọ, àmọ́ Gyuwon ò jẹ́ kí n kó o dànù.

Ó ní òun á pè yín lọ́jọ́ Àìkú láti dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù. Ẹ má bi í pé òdòdó wo.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ ní ọjà ń tà.

Ìyá Gyuwon